Kí N Tó Tẹ Enter: Bí Mo Ṣe Ń Gbára Dì fún Ìdánwò CCIE

Wákàtí 8 gbáko ni ìdánwò àṣekágbá fún ìwé-ẹ̀rí CCIE Enterprise Infrastructure, èyí tí ilé-iṣẹ́ Cisco tó ń ṣe ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá àwọn ọ̀jáfáfá nínú iṣẹ́ síso kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni a sì ń fi í ṣe. Ọdún 1993 ni ìwé-ẹ̀rí CCIE bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà 1024 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìkà, wọ́n fi nọ́ńbà náà fún yàrá ìdánwò fúnra rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó yege sì gba 1025. Ọjọ́ 2 ni àwọn tó ṣáájú wa fi ń jókòó ṣe é, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2001. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbára dì fún un níbí ní Ìbàdàn, àwọn àbúrò tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń bi mí léèrè pé ìwé wo ni kí àwọn kà àti fídíò wo ni kí àwọn wò. Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n kọ́kọ́ sọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó ti iṣẹ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ń fi agbára ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdánwò náà ṣe rí ná. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní láti kọ́kọ́ yege nínú èyí tí wọ́n ń pè ní ENCOR, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 350-401, tí wọ́n ń fúnni ní ìṣẹ́jú 120 láti fi ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àṣekágbá, tí ó pín sí apá méjì. Wákàtí 3 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìṣètò: wọ́n á kó lẹ́tà oníbàárà, àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àkọsílẹ̀ ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ń fẹ́ síwájú akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì máa bi í ní ìbéèrè lé e lórí, láì jẹ́ pé ó fọwọ́ kan rọ́tà (ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn) kankan, láì sì ní àǹfààní àtipadà sí ìbéèrè tó ti dáhùn kọjá. Wákàtí 5 tó kù jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí yóò ti kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí yóò ti wá ìdí àléébù èyí tó bàjẹ́, tí yóò sì ti mú kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ túbọ̀ já fáfá. Wọ́n fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan tí máàkì ènìyàn kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí, nítorí náà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ṣùgbọ́n tí kò lè ṣàlàyé ìdí ohun tó ń ṣe kò lè fi apá kejì dí àlàfo apá kìíní.

Ní ọdún 2024, owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,600, láì tíì ka owó ọkọ̀ òfurufú àti ti ibùsùn. Kí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye yẹn kò tó 750,000 náírà ní iye tí ìjọba fi ń ṣẹ́ owó. Ní ọdún 2024 tí dọ́là kan kọjá 1,500 náírà, ó ti lé ní mílíọ̀nù 2 àti 400,000 náírà. Mo mẹ́nu ba owó nítorí pé òun ló ń pinnu irú ìmúrasílẹ̀ tó yẹ ẹni tó ń gba owó oṣù rẹ̀ ní náírà. Ní àwọn ilẹ̀ tí owó wọn lágbára, ènìyàn lè lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ó kàn fi mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí, kí ó sì padà lọ. Àwa kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ilé ni a ti gbọ́dọ̀ kúnjú òṣùwọ̀n kí a tó gbéra.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ rẹ̀ ló kọ́ mi ní ohun tí mo di mú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ti kọ àṣẹ tán lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ á ti bo bọ́tìnì kí tèmi tó débẹ̀. "Má tíì tẹ Enter. Kí ni rọ́tà yìí máa ṣe? Kí ni èyí tó wà ní òdìkejì máa rí? Ọ̀nà wo ló máa parẹ́ nínú tábìlì ọ̀nà rẹ̀?" Bí mo bá dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ ká wò ó, sà," á ní, "Bó bá jẹ́ ti báńkì ni ńkọ́, ṣé wàá tẹ̀ ẹ́ kí o wò ó?" Èmi náà á wá jókòó, máa ronú, máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu, kò sì ní gbé ọwọ́ kúrò títí n óò fi sọ ọ́ dé òpin.

Ìlànà yẹn ni mo sọ di ìwé. Mo la ìwé àjákọ kan sí méjì: apá òsì ni mo ń kọ ohun tí mo gbà pé yóò ṣẹlẹ̀ sí, kí n tó tẹ ohunkóhun, apá ọ̀tún ni mo ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí. Níbi tí apá méjèèjì kò bá ti bára mu, mi ò ní lọ sórí ohun mìíràn títí n óò fi mọ ìdí rẹ̀, ì báà gba gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà. Ó máa ń lọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń dà bí ẹni pé àwọn tó ń wo fídíò kan tẹ̀lé òmíràn ti fi ni sílẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n inú ìdánwò, níbi tí àléébù kan ti lè fara pamọ́ sẹ́yìn òmíràn, ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó rí nìkan ló lè mọ̀ pé ohun tí òun ń rí yìí kò tọ̀nà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan pẹ̀lú OSPF, ìlànà tí àwọn rọ́tà fi ń sọ ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ fún ara wọn. Rọ́tà méjì so kọ́ra wọn, àkókò hello wọn (ìkíni tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnìkejì wà) bára mu ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, ti dead náà (àkókò tí wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó ka ẹnìkejì sí òkú) bára mu ní 40, àgbègbè kan náà ni wọ́n wà, wọ́n sì ti rí ara wọn gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò, síbẹ̀ wọn kò dé ipò FULL, níbi tí ìmọ̀ wọn nípa ọ̀nà ti bára mu. Bí ènìyàn bá kọ show ip ospf neighbor, yóò rí i pé EXSTART, ìpele ìbẹ̀rẹ̀ pàṣípààrọ̀, ni wọ́n dúró sí, wọ́n á ṣubú, wọ́n á tún padà síbẹ̀. Ping (ìdánwò kékeré tí a fi ń mọ̀ bóyá ìsọfúnni ń dé òdìkejì) láti ọ̀kan sí èkejì ń lọ dáadáa. Ẹni tó há àwọn ipò OSPF sórí lè kà wọ́n tán láti Down dé Full láì mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá ti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí pákẹ́ẹ̀tì (ìdì ìsọfúnni) kọ̀ọ̀kan ń gbé lọ ni yóò rántí pé hello kì í gbé MTU (ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ tí ojú ọ̀nà lè gbé) kankan dání, pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ìwé àkọsílẹ̀ wọn han ara wọn ni MTU tó ń jáde, àti pé bí ọ̀kan bá kọ 1500 tí èkejì kò lè gbà ju 1400 lọ, ẹni tí tirẹ̀ kéré kò ní dá ẹnìkejì lóhùn. Ping náà ń lọ nítorí pé báìtì 100 péré ni rọ́tà Cisco máa ń fi ránṣẹ́ bí a kò bá sọ iye mìíràn fún un. Ẹ sọ ọ́ di 1500, kí ẹ sì pàṣẹ pé kí wọ́n má gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ ó rí i pé kò ní lọ mọ́.

Àṣẹ kan wà, ip ospf mtu-ignore, tí yóò mú kí aládùúgbò méjèèjì gba ara wọn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ ló sì ń sáré lò ó. Ó ń mú kí OSPF dákẹ́ ni, kò tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, nítorí pákẹ́ẹ̀tì ńlá oníbàárà yóò ṣì máa sọnù lójú ọ̀nà yẹn. Àfi bí ìbéèrè bá là á kalẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan MTU, èmi kì í lò ó.

Ohun tó gba àkókò mi jù lọ ni kíkó ọ̀nà láti inú EIGRP, ìlànà mìíràn bíi OSPF, sínú OSPF àti láti inú OSPF padà sínú EIGRP, lórí rọ́tà méjì, R1 àti R2, tó dúró sí ẹnubodè kan náà. Gbogbo rọ́tà ló ní nọ́ńbà tó fi ń díwọ̀n bí òun ṣe gbára lé ẹni tó mú ìròyìn ọ̀nà wá, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní administrative distance, tí èyí tó kéré sì máa ń borí: EIGRP ti inú jẹ́ 90, OSPF jẹ́ 110, EIGRP tó wá láti ìta jẹ́ 170. Ká ní ọ̀nà kan, 172.16.50.0/24, wọ inú EIGRP láti ìta. R1 gbọ́ ọ, ó kó o sínú OSPF. R2 náà ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ láti inú EIGRP ní 170, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún gbọ́ ọ láti inú OSPF ní 110, ó ju ti EIGRP sílẹ̀ ó sì gba ti OSPF. Bí R2 náà bá wá ń kó OSPF padà sínú EIGRP, yóò kéde ọ̀nà yẹn fún àwọn tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Bí àhesọ ni ó rí, tó ti ẹnu ẹnì kan jáde, tó yí ìlú po, tó wá padà sí etí onítọ̀hún, tí òun fúnra rẹ̀ sì gbà á gbọ́ ju ohun tó fojú ara rẹ̀ rí lọ. Pákẹ́ẹ̀tì á wá máa yí po láàárín àwọn rọ́tà títí TTL rẹ̀ (iye rọ́tà tí ó lè gbà kọjá) yóò fi tán.

Ìwé tí mo kà fi ojútùú kan hàn: kí R1 lẹ àmì mọ́ gbogbo ọ̀nà tó bá kó wọ OSPF, kí R2 sì kọ̀ láti kó èyíkéyìí tó ní àmì yẹn padà. Mo kọ ọ́ sí apá òsì pé gbogbo rẹ̀ á tò. Mo tẹ Enter, àhesọ náà dáwọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo show ip route lórí R2, ọ̀nà 172.16.50.0/24 ṣì ń gba inú OSPF lọ sọ́dọ̀ R1, nígbà tí EIGRP tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn jù. Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Àmì ń dènà kí ọ̀nà padà síbi tó ti wá, kò sì lè yí ohun tí R2 gbára lé padà. Ojútùú ìkejì ni kí a gbé nọ́ńbà OSPF fún àwọn ọ̀nà ìta ga ju 170 lọ lórí àwọn rọ́tà ẹnubodè, bí àpẹẹrẹ distance ospf external 180. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ ìlà méjì sí apá òsì fún irú iṣẹ́ yìí: ìlà kan fún ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa kéde, ìlà kejì fún ohun tí rọ́tà kọ̀ọ̀kan máa gbà gbọ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta ìbéèrè tí wọ́n jí kó jáde láti yàrá ìdánwò. Mo kórìíra òwò náà tọkàntọkàn. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọn yóò gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà lóòótọ́, tí wọ́n á lọ jókòó síwájú àwọn agbanisíṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n á sì tún máa bi wọ́n ní ìbéèrè ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé ẹnì kan ti wá síbẹ̀ ṣáájú wọn pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí tí kò lè gbèjà.

Mo tún ní ìdí mìíràn tí mo fi mú ọ̀rọ̀ "sọ ọ́ kí o tó tẹ̀ ẹ́" ní òkúnkúndùn, ìdí náà sì wà ní Èkó. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2018, ọ̀nà tó lọ sí Google láti apá ibi kan lágbàáyé yà gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Ilé-iṣẹ́ MainOne, tó ní wáyà abẹ́ òkun tó gúnlẹ̀ sí Èkó, ń ṣe àtúnṣe tó ti wà nínú ètò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, àṣìṣe sì wọ inú asẹ́ BGP rẹ̀, BGP ni ìlànà tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá fi ń kéde ọ̀nà fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀nà tó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Google gẹ́gẹ́ bí ojúgbà, tí kò yẹ kó kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, ni ó kéde fún China Telecom. China Telecom gbà á, ó sì kéde rẹ̀ fún àwọn mìíràn, TransTelecom ti Rọ́ṣíà wà lára wọn. MainOne fúnra wọn jáde sọ pé àṣìṣe àwọn ni, pé wọ́n sì ti tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú 74. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n sọ ọ́ ní gbangba.

Mo kọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn sínú kọ̀ǹpútà mi pẹ̀lú nọ́ńbà AS tí wọ́n fi ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn mọ̀ gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì: AS15169 fún Google, AS37282 fún MainOne, AS4809 fún China Telecom, AS20485 fún TransTelecom. Mo ṣètò asẹ́ náà dáadáa, mo wò ó pé kò sí ọ̀nà tó ń jò. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ sí apá òsì pé bí mo bá yọ asẹ́ náà kúrò, ẹni tó wà lẹ́yìn TransTelecom yóò rí 20485 4809 37282 15169 gẹ́gẹ́ bí ojú ọ̀nà sí Google. Mo yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì jáde. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń múra fún ìdánwò yìí fi sọ́kàn ni pé rọ́tà Cisco tó ń lo IOS XE, ọ̀kan nínú ètò ìṣiṣẹ́ rọ́tà wọn, kì í béèrè asẹ́ kí ó tó kéde ọ̀nà tó dára jù lọ tó ní fún gbogbo aládùúgbò BGP rẹ̀ tó wà níta. Òfin RFC 8212 ti jáde láti ọdún 2017 pé kí rọ́tà má ṣe gbà, kí ó má sì ṣe kéde, àfi bí a bá kọ ìlànà fún un, IOS XR, ètò ìṣiṣẹ́ Cisco mìíràn, sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rọ́tà ló ń ṣe é. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ àṣẹ náà ló ni ojúṣe àtimọ èwo ló wà níwájú òun.

Ní ti irinṣẹ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. EVE-NG, ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ọ̀pọ̀ rọ́tà, ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà kan tí mo fi RAM kún, GNS3 náà dára, Cisco fúnra wọn sì ní CML tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè lo ní ọ̀fẹ́ bí rọ́tà rẹ̀ kò bá ju 5 lọ. Iná ni wàhálà. Mo ń fi iṣẹ́ tó gba rọ́tà púpọ̀ sí òru nígbà tí iná máa ń dúró díẹ̀ ládùúgbò wa, mo sì ń tọ́jú iṣẹ́ tí bébà àti bírò lè gbé sí ìgbà tí inverter bá ti ń ké. Ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí kékeré kò nílò iná: pé /26 ní àdírẹ́ẹ̀sì 64, tí 62 nínú rẹ̀ ṣeé fún ẹ̀rọ, yẹ kó wà lórí ahọ́n ni. Àwọn ẹ̀rọ tó ń darí SD-Access, ìlànà Cisco tí a fi ń darí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ láti ojú kan, wúwo ju ohun tí kọ̀ǹpútà ilé lè gbé lọ, nítorí náà mo ń yá ààyè ní wákàtí mélòó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn tí mo bá ti kọ apá òsì kún tán kí owó má baà ṣòfò. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìdánwò náà wà lórí irú ẹ̀rọ yìí, kò ṣeé fò.

Apá ìṣètò ni mo rò pé ó ń gbé àwọn ènìyàn wa ṣubú jù, nítorí a fẹ́ràn láti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹnjiníà kan tó wà ní Abẹ́òkúta, tó jẹ́ àbúrò sí mi lẹ́nu iṣẹ́, ni a jọ ń ṣe tèyí. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀kan nínú wa á kọ lẹ́tà bí oníbàárà: ilé-iṣẹ́ kan ní ẹ̀ka 40, owó MPLS (ìsopọ̀ àdáni tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀) ti pọ̀ jù fún wọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n fẹ́ gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ka wọn lọ, wọn kò sì fẹ́ pààrọ̀ rọ́tà tí wọ́n rà ní ọdún tó kọjá. Ẹnìkejì á dáhùn, á sì fi ìdí gbe gbogbo ohun tó bá yàn. Òun ló mú ìbéèrè kan wá tó ti di òfin láàárín wa. Ó ti fẹ́ kọ ọ́ pé DMVPN Phase 3, ìsopọ̀ àdáni tí a ń là gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló yẹ wọ́n, kí ẹ̀ka lè máa bá ẹ̀ka sọ̀rọ̀ ní tààrà, ó wá dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé oníbàárà yìí sọ bẹ́ẹ̀, àbí èmi ni mò ń rò ó fún un?" A padà ka lẹ́tà náà, kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo gbólóhùn ìdáhùn wa gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ìlà kan nínú lẹ́tà, èyí tí kò bá rí ìlà tọ́ka sí, a ó fa igi lé e.

Báyìí tí ọjọ́ ti ń sún mọ́lé, mo ti dáwọ́ ẹ̀kọ́ tuntun dúró, àfi lórí Python àti RESTCONF, tí a fi ń jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà máa pàṣẹ fún rọ́tà, tí mò ń ṣe ní àárọ̀ kùtùkùtù kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń fi wákàtí 8 jókòó bí ẹni tó wà nínú ìdánwò, fóònù á wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, n óò ka gbogbo iṣẹ́ náà tán kí n tó fọwọ́ kan rọ́tà kan, nítorí iṣẹ́ kẹsàn-án lè ba ti ìkẹta jẹ́ bí ènìyàn kò bá rí i ṣáájú. Bí iṣẹ́ kan bá le koko, n kì í jókòó sunkún tì í, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. N óò fi àmì sí i, n óò lọ kó máàkì tó wà níbòmíràn, n óò sì padà wá. Dubai ni mo ti fẹ́ lọ ṣe é, n óò sì débẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí oorun lè dá lójú mi.

Èmi àti àbúrò mi ti Abẹ́òkúta ṣì ń wá ẹnì kan sí i tí a ó jọ máa kọ lẹ́tà oníbàárà ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ti yege nínú ENCOR tàbí tó ń múra fún un lọ́wọ́ lè kàn sí mi, kí ó sì fi lẹ́tà kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ ránṣẹ́, pẹ̀lú ohun tó rò pé ó yẹ kí a dáhùn.